Ilẹ̀ àti Ilé Rírà ní Ìpínlẹ̀ Èkó: Ohun tí Òfin Sọ Nípa Jìbìtì àti Ohun tí Ó Yẹ kí Olùrà Mọ̀ Kí Ó Tó Sanwó

Ilẹ̀ tàbí ilé ni ohun tí ó tóbi jù lọ tí ọ̀pọ̀ olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó yóò rà ní ọjọ́ ayé wọn. Àwọn kan ń fi owó ìfẹ̀yìntì rà á, àwọn mìíràn ń fi owó èsúsú ọdún pípẹ́ rà á. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà a sì máa fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn nílé kí ó bá wọn rà á. Nítorí pé owó ńlá ló wà nínú rẹ̀, àwọn oníjìbìtì kì í gbójú kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùrà mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ní agbára láti fi ẹni tí ó lu ni ní jìbìtì sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti sọ ilẹ̀ tí kì í ṣe ti olùtà di ti olùrà. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí jìbìtì ilẹ̀ ṣe máa ń ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ó di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ìyà tí ó wà fún un, àti ìwádìí tí ó yẹ kí olùrà ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ta ilẹ̀?

Nílẹ̀ Yorùbá, ti ẹbí ni ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba amúnisìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Àpápá, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìlú àti ẹbí ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, àti pé ó yẹ kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tí ó bá ìní wọn mu. Ìdájọ́ náà ṣì ń nípa lórí ìtumọ̀ ilẹ̀ ẹbí títí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa ṣe àmójútó rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Èkó ní àwọn ẹgbẹ́ méjì láti ro: àwọn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn nípa àṣà tàbí nípa ìwé, àti ìjọba tí ìyọ̀ǹda rẹ̀ ṣe pàtàkì kí ìtà náà tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ ẹbí, ìlànà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 kò yí padà. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ìtà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí ìfohùnṣọ̀kan àwọn àgbà tí wọ́n ṣojú fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹbí lè lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ní ọmọ onílẹ̀ ni òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò lè dá ilẹ̀ baba rẹ̀ tà.

Ní ti ìyọ̀ǹda Gómìnà, abala 22 Òfin Ìlò Ilẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, tàbí láti fi í dúró fún owó yíyá, láìgba ìyọ̀ǹda. Abala 26 sì sọ pé ohunkóhun tí a bá ṣe lòdì sí èyí, òfo ni. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989, ẹni tí ó fi ilé rẹ̀ dúró fún owó ilé ìfowópamọ́ ni ó padà sọ fún ilé-ẹjọ́ pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda Gómìnà. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre, ilé ìfowópamọ́ náà kò sì rí ilé náà tà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àìgba ìyọ̀ǹda lè ba àdéhùn jẹ́ mọ́ ẹni tí ó fi òótọ́ inú san owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà

Títa ilẹ̀ kan fún ènìyàn púpọ̀. Olùtà lè jẹ́ onílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀. Ìlànà òfin ni pé ẹni tí ó ti ta ohun tí ó ní kò tún ní nǹkan kan tí yóò tà mọ́. Ẹni tí ó rà á lẹ́yìn náà ti fi owó ra afẹ́fẹ́.

Títa ilẹ̀ ìjọba. Àwọn kan a máa ta ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Wọn a ní ìjọba ti yọ̀ǹda rẹ̀ padà fún abúlé àwọn, tàbí pé ìwé rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ilẹ̀ tí ìjọba bá yọ̀ǹda padà ní tòótọ́ máa ń jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba, pẹ̀lú ààlà rẹ̀. Abúlé kan lè ní gásẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, kí ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín sì bọ́ sí ìta ààlà rẹ̀.

Ayédèrú ìwé àti ayédèrú onílé. Oníjìbìtì lè ṣe ayédèrú ìwé C of O, tàbí kí ó pe ara rẹ̀ ní onílé tí ó wà lókè òkun. Nígbà mìíràn, ìwé àṣẹ aṣojú ni yóò gbé jáde, tí yóò ní ọmọ onílé ni ó fún òun láṣẹ láti tà á. Irú èyí wọ́pọ̀ lórí ilé tí olówó rẹ̀ kò sí nílé, tàbí tí ó ti kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì pín ogún.

Ilé tí kò tíì sí. Ilé-iṣẹ́ kan lè polówó ilé tí yóò kọ́, kí ó gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí kò ní ilẹ̀ tàbí ìwé àṣẹ ìkọ́lé kankan.

Ìdókòwò elérè àsọdùn. Èyí ni pé kí a ní kí ẹ mú owó wá fún òwò ilẹ̀, kí a sì ṣe ìlérí èrè ńlá láàrin oṣù díẹ̀. Ẹ má ṣe yà á sí òwò ilẹ̀ bí kò bá sí ilẹ̀ kan pàtó tí a dárúkọ, tí owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá sì ni a fi ń san èrè fún ẹni tí ó wọlé ṣáájú. Ọjọ́ tí ẹni tuntun kò bá wọlé mọ́ ni gbogbo rẹ̀ yóò wó.

Ìgbà wo ni ó di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn?

Kì í ṣe gbogbo àdéhùn tí kò yọrí sí rere ni ó jẹ́ jìbìtì. Lábẹ́ Òfin Ìfowó-ṣáájú-lu-ni-ní-jìbìtì ti ọdún 2006, èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí òfin 419, ìtànjẹ ni kí ènìyàn sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ohun tí ó wà báyìí, kí ó mọ̀ pé irọ́ ni tàbí kí òun fúnra rẹ̀ má gbà á gbọ́, kí ó sì fi gba owó tàbí dúkìá. Irọ́ náà lè jẹ́ ti ẹnu, ti ìwé tàbí ti ìwà.

Fún àpẹẹrẹ, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ilẹ̀ àti ìwé àṣẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n tí owó símẹ́ǹtì àti irin wọ́n sókè tí kò fi parí rẹ̀ lásìkò, àríyànjiyàn lórí àdéhùn ni èyí. Ilé-ẹjọ́ ni yóò sọ iye tí wọn yóò san padà. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀ nígbà tí ó mọ̀ pé òun kò ní in, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, ì báà ṣe pé ó ti da yanrìn síbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọlọ́pàá gba gbèsè yóò fi àkókò ṣòfò. Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí ohun tí wọ́n sọ fún un, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, àti pé irọ́ ni ní ọjọ́ náà gan-an.

Àwọn òfin tí a fi ń pe ẹjọ́, àti ìyà wọn

Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi lábẹ́ òfin 419 yóò ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Ilé-ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ àti ti Ìjọba Àpapọ̀ ni wọ́n ní àṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, Àjọ EFCC sì máa ń gbé e lọ síwájú wọn.

Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dúkìá ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin yìí ni ó dojú kọ àwọn ajagungbalẹ̀. Fífi ipá gba ilẹ̀ tàbí ilé ẹlòmíràn lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wá. Ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti ta dúkìá tí ènìyàn mọ̀ pé òun kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, láti tún ilẹ̀ tí a ti tà tẹ́lẹ̀ tà, tàbí láti ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn tí ó yẹ. Òfin náà kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti dá iṣẹ́ ìkọ́lé dúró nítorí owó ìpìlẹ̀ tàbí owó òrùlé. Ẹni tí ó bá jẹ̀bi èyí lè san mílíọ̀nù 1 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kí ó gba méjèèjì. Òfin náà tún kan agbẹjọ́rò àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìwé mìíràn tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ bá wọn ṣe àdéhùn tí ó lòdì sí i.

Ní ti ìdókòwò ẹ̀tàn, Òfin Ìdókòwò àti Ìpín-ìdókòwò ti ọdún 2025 ka ètò tí ó ń fi owó ẹni tuntun san èrè ẹni àtijọ́ léèwọ̀. Ìyà rẹ̀ tó ẹ̀wọ̀n ọdún 10, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì kéré sí mílíọ̀nù 20 náírà.

Ohun tí ìdájọ́ ọ̀daràn kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká sọ pé ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì san mílíọ̀nù 6 náírà fún ilẹ̀ kan ní Ìkòròdú. Ó ṣe ìpìlẹ̀, ó mọ ilé dé ojú fèrèsé. Ẹlòmíràn wá yọjú pẹ̀lú ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú ti ìyá náà ní ọdún mẹ́ta, láti ọwọ́ ẹbí kan náà. Wọ́n pe olùtà lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n.

Ilẹ̀ náà ń kọ́? Ti ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ni. Ìdájọ́ tí ó fi olùtà sẹ́wọ̀n kò fi ilẹ̀ náà lé ìyá wa lọ́wọ́. Kódà, ẹ̀rí pé olùtà kò ní ohun tí ó tà ni ìdájọ́ náà jẹ́. Lóòótọ́, òfin 419 fún ilé-ẹjọ́ láṣẹ láti pàṣẹ kí ọ̀daràn dá owó tàbí dúkìá padà fún ẹni tí ó lù ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá rí lọ́wọ́ ọ̀daràn nìkan ni a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ná owó náà tán, ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ ìyá náà, ilé tí ó ti mọ dé ojú fèrèsé yóò sì di ti ẹlòmíràn.

Ìdí nìyí tí ìwádìí ṣáájú owó fi ju ẹjọ́ lẹ́yìn owó lọ. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ewu tí olùrà lè fà sórí ara rẹ̀

Olùrà náà lè rú òfin láìfura. Òfin tí ó ń gbógun ti fífọ owó mọ́, ti ọdún 2022, kò gbà kí ẹnì kan san tàbí gba owó tí ó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ́wọ́-dọ́wọ́. Ti ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ilé ìfowópamọ́ ni irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Èyí tún jẹ́ ààbò fún olùrà, nítorí pé àkọsílẹ̀ ilé ìfowópamọ́ ṣòro láti sẹ́.

Olùrà tí ó bá ko jàǹdùkú lọ lé ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ kúrò ti sọ ara rẹ̀ di ajagungbalẹ̀, ì báà tilẹ̀ jẹ́ òun ni ó ni ilẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ni ó ní àṣẹ láti lé ènìyàn kúrò. Ẹni tí ó bá sì ń gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn fún ìdókòwò tí kò yẹ̀ wò lè rí i pé orúkọ òun náà ti wọ inú ẹ̀sùn.

Ìwádìí kí owó tó jáde

1. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà lọ́wọ́ olùtà. Kí awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ gbé e lọ sí Ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Kí ó sì wọn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín ni ó wà nínú ìwé.

2. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín ṣe ìwádìí ní Ọ́fíìsì Àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ ní Aláùsá. Ìwé tí a bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà, ojú-ìwé àti ìdìpọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, àti bóyá wọ́n ti fi í dúró fún gbèsè. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, ọ́fíìsì ilẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ẹ ó lọ.

3. Ẹ má ṣe dúró lórí C of O nìkan. Nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni ní ọdún 1990, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìwé yìí kò ju ẹ̀rí ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá ní ẹ̀tọ́ tí ó dára jù lọ, ìwé náà lè ṣubú. Ẹ béèrè bí ilẹ̀ náà ṣe dé ọwọ́ olùtà.

4. Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, ẹ mọ olórí ẹbí àti àgbà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé. Bí dúkìá ogún bá ni, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìpín ogún tí Ilé-ẹjọ́ Gíga fún wọn, kí ẹ sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀.

5. Ẹ wádìí ní ilé-ẹjọ́ bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ti ra ẹjọ́ mọ́ ilẹ̀.

6. Ẹ lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn pààlà pẹ̀lú rẹ̀.

7. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó ń tà, ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò ní Àjọ CAC àti ní LASRERA, àjọ tí ó ń ṣe àmójútó òwò ilé àti ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ LASPPPA.

8. Ẹ san owó sínú àpò ìfowópamọ́ tí ó ní orúkọ olùtà gan-an. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe fi ìwé pamọ́ sínú àpótí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọ̀ǹda Gómìnà àti ìforúkọsílẹ̀ kíákíá.

Agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ tí ẹ bá lò kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí olùtà mú wá. Owó tí ẹ ó san fún wọn kéré púpọ̀ sí owó ilẹ̀.

Bí jìbìtì bá ti ṣẹlẹ̀

Ẹ dá iṣẹ́ àti owó sísan dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì, ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ ilé ìfowópamọ́, àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù jọ. Ẹ má ṣe pa ọ̀kankan rẹ́, bó ti wù kí ó bí yín nínú tó. Bí owó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ sáré sọ fún ilé ìfowópamọ́ yín.

Fún ìtànjẹ, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ọlọ́pàá tàbí sí Àjọ EFCC. Fún ìwà ipá àwọn ajagungbalẹ̀, ẹ kọ̀wé sí ikọ̀ pàtàkì tí ó ń gbógun tì wọ́n lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ní Aláùsá. Fún ilé-iṣẹ́ tàbí aṣojú òwò ilé, ẹ kọ̀wé sí LASRERA. Àwọn tí kò ní agbára láti gba agbẹjọ́rò lè lọ sí Office of the Public Defender. Àwọn tí ó bá fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí lè lọ sí Citizens' Mediation Centre. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ rántí pé ẹjọ́ ọ̀daràn kò dí ẹjọ́ lórí ìní àti owó lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò yín lè gbé ti olùtà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga láti gba owó padà nígbà tí ìjọba ń bá a ṣẹjọ́ ọ̀daràn lọ. Àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni: ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ni láti pe ẹjọ́ lórí àdéhùn, ọdún 12 sì ni fún gbígba ilẹ̀ padà.

Bí olùtà bá ń kán yín lójú pé ẹlòmíràn fẹ́ san owó ní ọ̀la, ẹ jẹ́ kí ẹni náà san án. Ilẹ̀ tí kò bá lè dúró fún ìwádìí ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gbé ilé tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ yín yóò gbé.